Ahọ́n Bàbá Mi àti Lẹ́tà Lọ́ọ̀dì

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àṣìṣe ara mi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí ẹnì kan nínú ilé tiyín náà tí ẹ jẹ ní gbèsè àforíjì.

Ní oṣù Ràmàlánà ọdún 2007, mo wá sílé ní Ìwó láti Yunifásítì Maiduguri, níbi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Islam. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Bàbá mi, káfíńtà ni. Òun ni ó sì ń ṣe lèmọ́mù mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti dàgbà kọjá ìdúró. Kì í ṣe àáfà ńlá. Bí ó ti ń fi ìfági ṣe iṣẹ́ lọ́sàn-án ni ó ń gbé wàláà lálẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ ni ó dì mú. Bí ó bá ka Fátíhà dé ìparí, kì í pe lẹ́tà ض bí àwọn tó ń kéwú nínú kásẹ́ẹ̀tì ti ń pè é. “Wàlà lọ́líìnì” ni ó ń wí. Lẹ́tà náà gan-an, “lọ́ọ̀dì” ni ó ń pè é, bí wọ́n ti fi kọ́ ọ.

Ní alẹ́ kẹta àwẹ̀, bí a ti parí ìrun àṣámù, mo dìde níwájú jámáà. Mo ní, “Bàbá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é o. Ẹ ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.” Mo wá pè é bí mo ti gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí ohùn mi ròkè, tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi sì ń mi orí. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Bàbá mi kò bínú. Ó ní, “A dúpẹ́, ọmọ mi.” Ó ká ẹní rẹ̀, ó sì lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ síwájú. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró ní ìlà kejì lẹ́bàá òpó. Láti ọjọ́ náà, kò ṣe lèmọ́mù mọ́. Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá yín kì í ké Àlùkùránì sókè mọ́ ní ìdájí, pé wúyẹ́wúyẹ́ ni ó ń kà á báyìí. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Mo rò pé òtítọ́ ni mo sọ, òtítọ́ sì máa ń korò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tí mo ní nígbà náà pọ̀. Àkísà ni n kò ní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, Maiduguri ni mo ti rí àkísà. Ìlú tí a ń pè ní Yerwa ní èdè Kanuri ni. Ibẹ̀ ni Shehu Borno tẹ̀dó sí ní ọdún 1907. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Islam ti wà ní ilẹ̀ Kanem àti Borno láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá, ìgbà tí Mai Hummay jọba. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni àwọn ọmọ sangaya, èyíinì ilé kéwú àwọn ará Borno, máa ń jókòó sí tí wọ́n ń ké wàláà wọn. Ẹni tó bá há Àlùkùránì sórí dáadáa ni wọ́n ń fi oyè Goni dá lọ́lá.

Bí ẹ bá wọ ọjà Monday Market ní ìlú náà, ẹ ó gbọ́ èdè Kanuri, Hausa, Fúlàní, Bura, Marghi àti Lárúbáwá, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá náà lẹ́nu àwọn oníṣòwò wa. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pín àwọn èdè wọ̀nyí sí ìdílé. Hausa, Bura, Marghi àti Lárúbáwá jẹ́ ìbátan ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Yorùbá àti Fúlàní wà nínú agbo mìíràn. Kanuri dá wà ní tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn èdè bíi Teda àti Zaghawa, tí wọ́n ń sọ ní ìhà aṣálẹ̀ Chad. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń sọ Kanuri àti ẹni tó ń sọ Hausa lè jọ gbé àdúgbò kan fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kí wọ́n jọ máa kírun, kí wọ́n jọ máa ya ọ̀rọ̀ lò, síbẹ̀ kí èdè wọn má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àwọn Lárúbáwá Shuwa ni ó kọ́kọ́ fọ́ ìgbéraga mi. Obìnrin Shuwa kan máa ń gbé wàrà wá tà lẹ́bàá ibùgbé wa. Mo fi èdè Lárúbáwá inú ìwé kí i pẹ̀lú gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Èdè tí ìyá rẹ̀ bí i sí ni èyí, kì í ṣe èyí tó lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ kò dún bí ti kásẹ́ẹ̀tì mi rárá. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé onímọ̀ kan, Jonathan Owens, ti kọ odidi ìwé gírámà lórí Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà ní ọdún 1993, tí ó sì tún kọ òmíràn ní 1998 lórí bí wọ́n ti ń sọ ọ́ láti àdúgbò dé àdúgbò ní Maiduguri. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àìmọ̀ sísọ, ìmọ̀ tí àwọn kan ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ ni.

Olùkọ́ wa kan, ọmọ Kanuri, ni ó wá fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Mo bi í léèrè ní ọjọ́ kan pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò lè pe àwọn lẹ́tà Àlùkùránì bó ti yẹ. Kò dá mi lóhùn tààrà. Ó yá mi ní ìwé gírámà èdè Páṣíà kan tí Ann Lambton kọ ní 1953, ó ní kí n lọ ka orí tó dá lórí ìró àti lẹ́tà, kí n tó tún bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo kà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní ṣókí, nítorí ó kàn wá.

Àwọn ará Páṣíà, tí orílẹ̀-èdè wọn ń jẹ́ Ìránì lónìí, gba ẹ̀sìn Islam, wọ́n sì gba lẹ́tà Lárúbáwá láti fi kọ èdè wọn. Ṣùgbọ́n èdè wọn kì í ṣe ìbátan Lárúbáwá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an sún mọ́ ọn ju Lárúbáwá lọ. Fún ìdí èyí, lẹ́tà tí wọ́n gbà kò bá ẹnu wọn mu tán. Ìró mẹ́rin wà lẹ́nu wọn tí Lárúbáwá kò ní lẹ́tà fún. Wọ́n wá fi àmì kún àwọn lẹ́tà tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ṣe پ, چ, ژ àti گ. Bákan náà, àwọn lẹ́tà wà tí Lárúbáwá yà sọ́tọ̀ tí etí Páṣíà kò yà sọ́tọ̀. ث, س àti ص, ìró kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu wọn. ذ, ز, ض àti ظ, ìró kan náà, z, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pe oṣù àwẹ̀ ní Ramazān, tí wọ́n sì ń pe adájọ́ ní qāzī.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi wé tiwa. Àwa Yorùbá kò ní z, a sì sọ zakāt di sàká. A ní gb àti p tiwa tí Lárúbáwá kò ní, àwọn àáfà wa àtijọ́ tó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí a ń pè ní ànjẹ́mí, sì ní láti wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n kò ṣe ju ohun tí àwọn ará Páṣíà ti ṣe lọ. Kódà, àwọn ará Páṣíà kò sọ orúkọ ìjọsìn wọn di Lárúbáwá pátápátá. Wọ́n ń pe Ọlọ́hun ní Khodā, wọ́n ń pe ìrun ní namāz, wọ́n ń pe àwẹ̀ ní rūzeh, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lo ọ̀rọ̀ tiwa láìsí ẹni tó fura sí ẹ̀sìn wa.

Gírámà wọn náà ní ohun tó yà mí lẹ́nu. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé Músà rí Ali, ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò wà láàárín. Páṣíà máa ń fi í sẹ́yìn, yóò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, rā, sí ẹ̀yìn àbọ̀: Musā Ali rā did. Nígbà tí mo mú èyí padà tọ olùkọ́ mi lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní Kanuri náà ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìparí, àti pé -ga ni àwọn ń fi sí ẹ̀yìn àbọ̀, tí -ye sì máa ń tẹ̀ lé olùwà. Musaye Aliga, lẹ́yìn náà ni “rí” yóò wá. Ẹni tó mọ rafʿu àti nasbu nínú náhúù yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ó tún wà níbẹ̀ pé bí ará Páṣíà bá fẹ́ sọ pé “ilé Músà”, yóò fi ìró kúkurú kan so ilé mọ́ Músà: khāne-ye Musā. Mo kọ́kọ́ rò pé èyí kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ẹnu ara yín bí ẹ bá sọ ọ́ láìkánjú: “ilé e Músà.” Ìró kékeré kan wà láàárín tí a kì í sábàá kọ sílẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu mi láti kékeré, ìwé gírámà Páṣíà ni ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó lù mí lulẹ̀ ṣì ń bọ̀. Olùkọ́ mi béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ta ni ó ṣe àlàyé ibi tí lẹ́tà ض ti ń jáde lẹ́nu?” Mo ní àwọn àáfà tajíwíìdì ni. Ó ní, “Sibawayhi ńkọ́?”

Ẹni tó ka náhúù mọ Sibawayhi. Ọmọ Páṣíà ni, Basra ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 796. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé hádíìsì ni ó kọ́kọ́ ń kọ́, tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà níwájú olùkọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe níwájú àwọn ènìyàn. Ó dùn ún. Ó ní òun yóò wá ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ṣe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lọ jókòó ti al-Khalil ibn Ahmad, ẹni tó to ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ láti orí àwọn ìró tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. Ìwé gírámà tí Sibawayhi kọ, Al-Kitāb, ni àwọn Lárúbáwá fúnra wọn wá gbé gírámà èdè wọn kà.

Nínú ìwé náà, Sibawayhi sọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Ohun tó sọ nípa ض ni pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni, láàárín rẹ̀ àti eyín ọ̀kánkán. Ẹ dán an wò. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n yín ti eyín ọ̀kánkán, kí ẹ jẹ́ kí èémí gba ibẹ̀ jáde. Kò ní dún bíi d rárá. Yóò dún bí ìbátan l.

Èyí ni àwọn onímọ̀ fi sọ pé ض ayé àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí tí púpọ̀ nínú wa ń gbọ́ lónìí. Ẹ̀rí tí wọ́n ń lò ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn èdè mìíràn yá lọ. Ní Spain, tí àwọn Mùsùlùmí ti jọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, al-qāḍī di alcalde, l sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Ní ilẹ̀ Hausa, al-qāḍī di alkali. Àwa ńkọ́? Al-wuḍūʾ di àlùwàlá lẹ́nu wa. Farīḍa di fàrílà. Ramaḍān di Ràmàlánà.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú olùkọ́ mi, n kò lè sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ń ṣe àlùwàlá, tí n kò bi ara mi léèrè rí pé níbo ni l yẹn ti wá. “Lọ́ọ̀dì” tí bàbá mi ń pè kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ ẹnu àgbàlagbà tí kò kàwé. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti rìn, láti ẹnu dé ẹnu, láti olùkọ́ dé akẹ́kọ̀ọ́, títí ó fi dé Ìwó. Èmi tí mo sì dìde láti tún un ṣe, ض tí èmi gan-an pè kì í ṣe èyí tí Sibawayhi júwe. d tó nípọn ni mo pè.

Kí n má baà ṣì yín lọ́nà o. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa tajíwíìdì tì. Bí àwọn akéwú tó gba Àlùkùránì lẹ́nu olùkọ́ wọn ti kọ́ wa ni a ó máa kà á, ó sì tọ́ kí a kọ́ ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé lẹ́tà yìí ṣòro. Ibn Kathir, tó kú ní ọdún 1373, sọ nínú tafsírì Fátíhà pé ẹni tí kò bá lè ya ض kúrò lára ظ, àmójúkúrò wà fún un, nítorí ibi tí méjèèjì ti ń jáde sún mọ́ra. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ti fún ẹni tó ń ka Àlùkùránì pẹ̀lú ìnira ní ìròyìn ayọ̀ ẹ̀san méjì. Ẹni tí Ànábì fi ẹ̀san méjì lọ̀, èmi fi ìtìjú kan lọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí Maiduguri bó ti yẹ. Olùkọ́ mi mú mi lọ gbọ́ tafsírì Goni àgbàlagbà kan. Bí ó bá ka Lárúbáwá, yóò túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè tí ó fi túmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe Kanuri tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Tarjumo ni wọ́n ń pè é. Èdè Kanembu àtijọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àwọn àáfà sì pa á mọ́ fún iṣẹ́ tafsírì nìkan. Ọmọ Kanuri tí kò bá kọ́ ọ kò ní gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni òpìtàn kan, A. D. H. Bivar, kíyè sí àwọn Àlùkùránì àfọwọ́kọ ti Borno tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ìtumọ̀ sí àárín ìlà. Ọ̀kan nínú wọn ní déètì tó bá ọdún 1669 mu. Ìtumọ̀ náà, Kanembu àtijọ́ yẹn ni, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ bíi Dmitry Bondarev ti ń yẹ ìró àti gírámà rẹ̀ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àáfà tó kọ ọ́ kò pe ara wọn ní onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Wọ́n ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn mọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tí wọ́n ṣe nínú áyà ni, wọ́n sì ń wá ibi tí ìró èdè wọn yóò jókòó sí nínú lẹ́tà àlejò. Bí àwọn ará Páṣíà ti ṣe é náà nìyẹn.

Kanuri òde òní náà kò ṣàìní àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Norbert Cyffer àti John Hutchison ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Kanuri ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹni tí n kò lè gbàgbé ni Ali Eisami. Ọmọ Borno ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àáfà. Wọ́n mú un lẹ́rú nígbà ogun ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Ọ̀yọ́ Ilé, láàárín àwọn baba ńlá wa. Ó gbé ibẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí àwọn ẹrú ń sá lọ síbẹ̀ láti di òmìnira, ẹ̀rù ba ẹni tó ni í pé òun náà yóò sá, ó sì tà á sí etí òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó gba ọkọ̀ tó gbé e lójú omi, wọ́n sì mú un dé Freetown ní 1818.

Ní Freetown ni Sigismund Koelle ti jókòó tì í. Ẹnu Ali Eisami ni ó ti kọ́ Kanuri, ó sì gbé ìwé gírámà Kanuri jáde ní 1854, pẹ̀lú ìwé àlọ́, òwe àti ìtàn tí Ali fúnra rẹ̀ sọ fún un. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ó ti kúrò nílé, ó ti kọjá lọ́wọ́ olówó mélòó kan, síbẹ̀ èdè ìyá rẹ̀ kò jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti dójú tì í títí ó fi dákẹ́, ìwé wo ni ìbá wà?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi délé. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2009, ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, àwọn òbí wa kò sì jẹ́ kí fóònù wa sinmi. Nígbà tí ọ̀nà là, mo wọkọ̀ lọ sí Ìwó. Àwẹ̀ Ràmàlánà bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí, bàbá mi ṣì dúró sí ìlà kejì lẹ́bàá òpó.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, mo dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi. Mo ní, “Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo ṣe ní ọdún kejì sẹ́yìn kò dára. Ìmọ̀ tí mo rò pé mo ní kò pé.” Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Sibawayhi, alcalde àti àlùwàlá fún un. Ó gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́tí títí mo fi parí.

Ó ní, “Sibawe tí ò ń wí yìí, ọmọ Lárúbáwá ni?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá, ọmọ Páṣíà ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àlejò ló wá fi èdè onílé hàn án?” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Dìde, Àkànní. Mo ti forí jì ọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ìbínú ni mo fi kúrò níwájú. Ìwọ ni mo rán lọ sí ilé ìwé, tí o sì wá sọ fún mi pé mo ń ba ìrun àwọn ènìyàn jẹ́. Ta ni ǹ bá gbà gbọ́, bí kò ṣe ìwọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ó wá ní kí n fi ibi tí Sibawe wí hàn òun. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jẹ sàárì tán, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń gbìyànjú, òun ń gbìyànjú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Eyín ọ̀kánkán tí ọkùnrin yìí ń wí, ti ọwọ́ òsì mi ti lọ.” Mo ní Sibawe kò ní kí a má lo ti ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá mi rẹ́rìn-ín láti inú yàrá títí ó fi ń wúkọ́.

Kò padà síwájú ní ọdún náà. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń ṣe é máa bá a lọ, nítorí kò dára kí a máa fi àwọn ènìyàn ṣeré. Ṣùgbọ́n kí àwẹ̀ tó parí, mo jí ní ìdájí kan, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá, ó ń ké Àlùkùránì sókè bí ó ti ń ṣe nígbà èwe mi. “Lọ́ọ̀dì” kan wà níbẹ̀, ọ̀kan mìíràn sì wà tí kò jọ lọ́ọ̀dì tán, tí kò sì jọ ti kásẹ́ẹ̀tì. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Bàbá mi jáde láyé ní ọdún 2016. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó ṣe Alùjánnà ní ibùgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, olùkọ́ ni mí lónìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣi lẹ́tà pè, mo ń tún un ṣe, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Bí ọmọ yín bá sì ti ilé kéwú ìgbàlódé dé, tí ó ní màámá àgbà kò mọ kéwú, ẹ má fi ẹ̀rín gbà á. Ẹ ní kí ó lọ jókòó ti màámá àgbà, kí ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà èwe wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà. Ọlọ́hun Ọba sì ti fi yé wa nínú Súúrà Rúùmù, áyà kejìlélógún, pé ìyàtọ̀ àwọn èdè wa wà lára àwọn àmì Rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó má sọ ọ́ di ohun tí a ó fi máa ṣe ìgbéraga sí àwọn òbí wa. Kí Ó dá àlàáfíà pípé padà sí Maiduguri àti gbogbo ilẹ̀ Borno. Àmín.